Ṣé Ìgbádùn Nìkan Ló Ń Sọ Ayé Ènìyàn Di Rere?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Bàbá mi ti dàgbà, àrùn ìgbàgbé sì ti mú wọn. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo fẹ́ràn sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ka ìwé díẹ̀ nípa ọgbọ́n orí, ó wá ń sọ fún mi pé ìgbádùn nìkan ni ohun rere láyé, pé gbogbo ohun yòókù tí à ń pè ní rere, orúkọ lásán ni. Ó ní mò ń fi ayé mi ṣòfò fún ẹni tí kò ní rántí lọ́la. Alaalẹ́ ni Bàbá ń béèrè ìyá wa, tí wọ́n ti kú. Àbúrò mi ní kí n máa sọ fún wọn pé Màmá ń bọ̀, kí inú wọn lè dùn, àmọ́ irọ́ yẹn ò lè jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Ṣé òótọ́ ni pé ìgbádùn nìkan ló ń sọ bóyá ayé ènìyàn dára tàbí kò dára?"

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yín sọ bó ṣe yé mi. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni àbúrò yín ní lọ́wọ́ tó fi ń wọn ayé gbogbo ènìyàn: ohun tó bá ń dùn mọ́ni ló dára, ohun tó bá ń roni lára ni kò dára, ó parí. Ó fi òṣùwọ̀n náà wọn ayé yín, ó ní ó fúyẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ nínú ara yín pé nǹkan kan kù nínú ìwọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ohun tó kù náà tọ́ka sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ nípa ìwà, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ ló máa ń bá ara wọn níbi tí ẹ wà yìí, torí pé ọ̀rọ̀ náà máa ń dà bí èyí tí kò ṣeé jà níyàn nígbà téèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èsì tèmi ni pé rárá, ìgbádùn nìkan kọ́. Àmọ́ àbúrò yín ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí ẹ bá fi ìbínú dá a lóhùn, ẹ óò sọ ohun pàtàkì kan nù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni ohun náà sì máa ṣe láǹfààní.

Ohun tó kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ìbéèrè mẹ́ta ló kó sínú gbólóhùn kan. Kí ló ń sún ènìyàn ṣe ohun tó ń ṣe? Kí ló ń jẹ́ kí ayé ẹni dára fún ẹni náà fúnra rẹ̀? Kí ló ń jẹ́ kí ìgbé ayé ẹni jẹ́ èyí tó tọ́, tó yẹ ọmọlúàbí? Ẹni tó bá fi ìgbádùn dáhùn ọ̀kan nínú wọn kò tíì sọ ohunkóhun nípa méjì yòókù. Ayé lè dùn mọ́ oníwà burúkú títí tó fi máa kú wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ibùsùn rẹ̀, ìyà sì lè jẹ ẹni rere láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀ dé alẹ́. Gbogbo wa la ti rí irú àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè kejì àti ìkẹta kò yàtọ̀ síra, kò ní sẹ́ni tó lè sọ pé "ayé yẹ lágbájá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn rere." Síbẹ̀ à ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń yé ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè àkọ́kọ́ kúrò lọ́nà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé àbúrò yín ti sọ fún yín rí pé: "Ẹ̀yin náà, nítorí pé ó ń dùn mọ́ yín lẹ ṣe ń tọ́jú Bàbá, bí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ ò ní ṣe é." Joseph Butler, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí nínú àwọn ìwàásù tó tẹ̀ jáde ní 1726. Àlàyé rẹ̀, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni pé oúnjẹ ni ebi ń wá. Adùn tó ń tẹ̀ lé jíjẹ kò lè wáyé bí kò bá ti sí ebi tó ń wá oúnjẹ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfẹ́ rí. Inú yín dùn nígbà tí Bàbá rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ti wà lọ́kàn yín kí ẹ̀rín náà tó dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Bàbá kò kàn, kí ni ẹ̀rín wọn fẹ́ fi ṣe? Ìfẹ́ ló ṣáájú, ìgbádùn ló tẹ̀ lé e.

Ìmọ̀ nípa ọpọlọ náà ti fi kún èyí. Ní 1954, James Olds àti Peter Milner, ní yunifásítì McGill ní Kánádà, ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ eku, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ pé bí eku náà bá ti tẹ nǹkan kan, iná mànàmáná díẹ̀ á kan ibẹ̀. Eku ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Àwọn ènìyàn wá ń sọ pé wọ́n ti rí ibùjókòó ìgbádùn nínú ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ìwádìí míì, pàápàá èyí tí Kent Berridge ṣe ní yunifásítì Michigan, fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan máa wuni, ọ̀tọ̀ ni kó máa dùn mọ́ni, ọ̀nà tí ọpọlọ sì ń gbà ṣe méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún lè jẹ́rìí sí i: bí oògùn náà ṣe ń wù ú sí i ni adùn rẹ̀ ń dín kù. Tí wíwù àti adùn bá lè pínyà tó báyìí, a ò lè sọ mọ́ pé adùn ló wà nídìí gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti lágbára. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìgbádùn, fàájì ló ń kọ́ni. Aristippus, ará Cyrene, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Líbíà lónìí, ló sún mọ́ ìyẹn jù, torí adùn ara lójú ẹsẹ̀ ló kà sí pàtàkì. Ṣùgbọ́n Epicurus, ará Gíríìsì tó kú ní 270 ṣáájú ìbí Jésù, tí wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn jayéjayé, búrẹ́dì àti omi ló ń yìn. Ó ní fún ẹni tí ebi ń pa, adùn wọn kò kéré sí adùn kankan. Ohun tó ń pè ní ìgbádùn ni kí ara má máa roni, kí ọkàn má sì dàrú, ó sì kọ ọ́ pé ènìyàn ò lè gbé ayé adùn bí kò bá fi ọgbọ́n, ọ̀wọ̀ àti òdodo gbé e. Nígbà tí Jeremy Bentham fi máa tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1789, ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò ju ti Epicurus lọ. Ìgbádùn àti ìrora nìkan ni Bentham náà ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ti gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ló ń kó jọ. Ìrora ẹranko pàápàá wà nínú ìṣirò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi àbúrò yín ní ìbéèrè kan: ìgbádùn ta ni? Tó bá ní tiyín nìkan, ìmọtara-ẹni-nìkan ló fẹ́ kọ́ yín, ó sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí ìrora tiyín fi burú tí ti Bàbá kò fi burú. Tó bá ní ti gbogbo ènìyàn, Bàbá ti wọ inú ìṣirò nìyẹn, ọ̀rọ̀ pé ẹ ń fi ayé yín ṣòfò sì ti wó lulẹ̀ nípa òfin òun fúnra rẹ̀.

Ó tún ní Bàbá ò ní rántí lọ́la. Kí ló kan ìgbádùn níbẹ̀? Ìgbádùn kì í dúró de ìrántí kó tó jẹ́ ìgbádùn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ fi wẹ̀ fún wọn, orin tí wọ́n bá yín gbè, ọwọ́ yín tí wọ́n dì mú nígbà tí ẹ̀rù ń bà wọ́n: ìṣẹ́jú yẹn pé fúnra rẹ̀, kò sì sí ìgbàgbé tó lè padà sẹ́yìn lọ sọ ọ́ di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Kódà ó ju ìṣẹ́jú yẹn lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 láti yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà lo àwọn tó ní àrùn Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù. Wọ́n fi fíìmù tó ń bani nínú jẹ́ hàn wọ́n, wọ́n sì fi èyí tó ń múnú ẹni dùn hàn wọ́n. Láìpẹ́, àwọn aláìsàn náà ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n wò, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tàbí inú dídùn tí fíìmù náà fà ṣì wà lára wọn. Ohun tí ẹ ń ṣe ń wọlé sí Bàbá lára níbi tí ìrántí wọn ò dé mọ́. Ẹni tó bá gba ìgbádùn gbọ́ tọkàntọkàn ló yẹ kó kọ́kọ́ rí èyí.

Nípa John Stuart Mill, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà fi ìgbádùn ṣe òṣùwọ̀n bíi ti Bentham, mi ò ní sọ púpọ̀. Ní 1861 ó kọ ọ́ pé ó sàn kéèyàn jẹ́ ọmọ ènìyàn tí nǹkan ò tẹ́ lọ́rùn ju kó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti yó lọ, torí pé adùn kan ga ju òmíràn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ti ní adùn kékeré lè níye lórí ju adùn ńlá lọ, ó ti mú òṣùwọ̀n míì wọlé láti ẹ̀yìn ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà èwe rẹ̀ ló wúlò fún yín jù. Ní 1826, nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, ó bi ara rẹ̀ pé bí gbogbo ohun tí òun ń lépa fún ayé bá ṣẹ lónìí, ṣé inú òun á dùn? Ọkàn rẹ̀ dáhùn pé rárá, ìrẹ̀wẹ̀sì sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde nínú rẹ̀, ohun tó dì mú ni pé àwọn tí ayọ̀ ń bá ni àwọn tó gbé ọkàn wọn lé ohun mìíràn: ire ẹlòmíràn, tàbí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe nítorí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Mo ti rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹni tó bá ń yẹ ara rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà pé ṣé mò ń gbádùn báyìí, ìgbádùn kì í pẹ́ sá fún un.

Ní báyìí, ibi tí òfin náà ti já. Robert Nozick, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ ní 1974. Ó ní ká sọ pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n lè so mọ́ ọpọlọ yín, tó máa fún yín ní ìrírí ohunkóhun tó bá wù yín: pé ẹ ń kọ ìwé ńlá, pé ẹ ní ọ̀rẹ́ àtàtà. Inú àgbá omi kan lẹ máa wà ní gbogbo àkókò náà, ẹ ò sì ní mọ̀. Ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ títí ọjọ́ ayé yín? Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti bi ní ìbéèrè yìí ní àwọn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ó yẹ kí n sọ apá kejì náà. Ní 2010, Felipe De Brigard, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, yí ìbéèrè yìí po: ká ní wọ́n sọ fún yín lónìí pé inú ẹ̀rọ náà lẹ ti wà láti ọjọ́ yìí, ṣé ẹ máa jáde? Ọ̀pọ̀ àwọn tó bi ló ní àwọn á dúró síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ti mọ́ wa lára ni à ń dì mú nínú ìbéèrè méjèèjì, pé kì í ṣe òótọ́ la dì mú. Èyí dín agbára àpẹẹrẹ Nozick kù lójú mi, nítorí náà mi ò ní gbé gbogbo èsì mi lé e.

Ohun tí mo gbé e lé nìyí. Ọmọdé kan ṣubú, ó ń sunkún, ènìyàn méjì ń wò ó láti òkèèrè, kò sì sí èyí tó lè dé ibẹ̀ nínú wọn. Àánú ọmọ náà ń ṣe ọ̀kan, ó ń dùn ún. Inú èkejì ń dùn, ó ń gbádùn ẹkún náà. Bí ìgbádùn nìkan bá ni ohun rere, a gbọ́dọ̀ gbà pé ẹni kejì ti fi ohun rere díẹ̀ kún ayé, pé aláàánú ló ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ìgbádùn á ní ìgbádùn ẹni kejì burú nítorí ibi tó lè sún un ṣe lọ́la. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin náà kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi kankan. Ṣé ìgbádùn rẹ̀ wá dára nìyẹn? Ní tèmi, ó tún sọ ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ di méjì. Àánú ẹni àkọ́kọ́ sì dára bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora ni. Àwọn kan wà láàárín àwọn elégbè ìgbádùn tí wọ́n gbà láti gbé èyí mì, wọ́n ní adùn ọkùnrin náà dára díẹ̀ lóòótọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdúróṣinṣin wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn lọ. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì àtijọ́, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìgbádùn tó bá bá iṣẹ́ rere rìn dára, èyí tó bá bá iṣẹ́ ibi rìn burú.

Ọ̀rọ̀ Màmá wá kù. Àbúrò yín ní kí ẹ fi irọ́ mú inú Bàbá dùn. Tó bá jẹ́ pé adùn nìkan ló wà nílẹ̀ láti wọ̀n, kò sí ohun tí à bá tún máa rò. Pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn yín fi hàn pé ẹ rí ohun mìíràn níbẹ̀: pé Bàbá jẹ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n bá sọ òótọ́. Ẹ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ tún rò ó wò, kí ni òótọ́ ń ṣe fún ènìyàn? Ó ń jẹ́ kó mọ ibi tó dúró, kó ṣọ̀fọ̀ òkú rẹ̀, kó sì pinnu ohun tó kàn. Bàbá ò lè di òótọ́ yìí mú mọ́. Bí ẹ bá ń sọ fún wọn lálaalẹ́ pé ìyàwó wọn ti kú, alaalẹ́ ni wọ́n ń di opó ní àkọ̀tun, òótọ́ náà á sì ti sá lọ kó tó ṣe wọ́n láǹfààní kankan, ìbànújẹ́ rẹ̀ nìkan lá kù sílẹ̀. Mi ò rò pé ẹ jẹ wọ́n ní gbèsè ìyẹn. Síbẹ̀ "Màmá ń bọ̀" kò dára tó lójú mi, torí á jẹ́ kí wọ́n máa wo ọ̀nà, ẹ̀yin náà á sì máa gbé irọ́ tí ọkàn yín kọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètọ́jú irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á dáhùn ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè náà. Ẹ lè sọ pé: "Àárò Màmá ń sọ yín ni, Bàbá? Kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ nípa Màmá bó bá ṣe wù wọ́n. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ kan tí ojú wọn dá ṣáká, tí wọ́n sì bi yín tààrà pé ṣé Màmá ti kú ni, èrò mi ni pé kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Mo mọ àwọn onílàákàyè tí wọn ò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, dókítà tó ń wo Bàbá sì lè mọ ohun tí èmi ò mọ̀ nípa bí ọkàn wọn ṣe lè gbé e.

Ẹ ò béèrè èyí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìwé yín: ìtọ́jú yìí kì í dùn mọ́ yín ní ọjọ́ míì. Ṣé ìyẹn sọ ọ́ di aláìdára? Aristotle ní ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ìwà òdodo kò tíì di olódodo. Immanuel Kant, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ ọ́ ní 1785 pé ẹni tí ìbànújẹ́ ti bò lọ́kàn, tí kò ní ìfẹ́ ọkàn kankan láti ṣoore mọ́, tó sì ṣe é nítorí pé ó tọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni iyì ìwà ti hàn jù. Mo rò pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú wọn ń wò. Ìwà tó ti dàgbà nínú ènìyàn, tó ti di ara fún un, ni Aristotle ń sọ. Kant ń sọ ti ọjọ́ burúkú. Ọjọ́ burúkú lẹ wà. Ẹni tó dìde ní òru nígbà tí kò sí adùn kankan níbẹ̀ kò di ẹni burúkú nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, bí ó bá sì bínú lọ́kàn kó tó dìde, ó ṣì dìde.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Kant gbé ara yín sin. Mill sọ pé òfin Bentham ni pé kí a ka olúkúlùkù sí ẹyọ kan, kí a má ka ẹnikẹ́ni ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ ṣe kọ̀wé yín, òdo lẹ ka ara yín sí. Ìgbádùn yín náà jẹ́ ohun rere gidi, kò sì sí ìwà mímọ́ kankan nínú pípa á. Ohun tí mo rò pé àbúrò yín rí nìyí, tó fi gbólóhùn tí kò dára sọ: ó ń wo bí ẹ ṣe ń tán lọ. Bóyá kí ẹ máa tọ́jú Bàbá nílé lọ ni o, tàbí kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètọ́jú àwọn àgbà, ẹ̀kọ́ tèmi ò lè pinnu ìyẹn fún yín; ó dá lórí ara yín, agbára yín, àti bí àìsàn náà ṣe ń lọ sí. Àmọ́ òfin pé gbogbo ènìyàn jẹ́ ẹyọ kan de àbúrò yín náà. Oorun tirẹ̀ kò níye lórí ju oorun tiyín lọ, Bàbá sì jẹ́ bàbá ẹ̀yin méjèèjì. Tó bá tún bá yín sọ̀rọ̀ ìgbádùn, ẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ibi tó tọ́, kí ẹ wá bi í alẹ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ló lè máa wá sun ti Bàbá kí ẹ̀yin lè jáde.